Nígbà tí ìnira ọmọ iléèwé bá ń dá olùkọ́ láàmú: ìbéèrè àti ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ iléèwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Olùkọ́, akọ̀wé, ọlọ́dẹ, ìyá olóúnjẹ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé: gbogbo yín la kọ èyí fún, yálà iléèwé ìjọba lẹ wà tàbí ti àdáni. Ọ̀rọ̀ ìdààmú tó ń bá ẹni tó ń gbọ́ ìnira ọmọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní secondary traumatic stress. Ẹ kò ní láti kà á tẹ̀léra. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kíákíá, ẹ lọ tààrà sí ìbéèrè tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń ronú ikú.

Kí ni ohun tí wọ́n ń pè ní secondary traumatic stress yìí gan-an?

Ìdààmú ọkàn ni. Ẹni tó ń bá kì í ṣe ẹni tí aburú ṣẹlẹ̀ sí, bí kò ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ, tó ń rí i lára ẹlòmíràn, tó sì ń sapá láti ran onítọ̀hún lọ́wọ́. Ọmọ ni bàbá rẹ̀ kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ olùkọ́ tó jókòó tì í ní ọjọ́ tó padà sí kíláàsì ni kò rí oorun sùn mọ́. Charles Figley, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá nínú ìwé tó ṣe àkójọ rẹ̀ ní 1995. STS la ó máa pè é láti ibi lọ, kó lè yá wa.

Kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ ò kàn rárá kì í ní in.

Ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ ti sú mi lásán ni?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Àárẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní burnout máa ń wá díẹ̀díẹ̀: èrò pọ̀ jù ní kíláàsì, owó oṣù ò tó ná, ìwé tí a kò tíì máàkì ga bí òkìtì. STS lè dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìtàn ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀rù ló sì máa ń mú wá ju àárẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ń wá sí yín lọ́kàn tí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò tíì parí, àárẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ojú ọmọ kan, ohùn rẹ̀, tàbí gbólóhùn kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, STS ni kí ẹ wò. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ìwòsàn wọn yàtọ̀. Ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì lè tu ẹni tí iṣẹ́ ti sú lára. Ẹni tó ní STS lè lo ìsinmi náà tán kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àlákálá kan náà.

Bí àmì rẹ̀ bá kọjá oṣù kan, tó sì ń dí iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́, dókítà lè sọ pé ó ti di PTSD, àìsàn ọkàn tí jìnnìjìnnì aburú máa ń fi sílẹ̀. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, gbà pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kó máa gbọ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ aburú léraléra lè ní àìsàn yìí, bí aburú náà kò tilẹ̀ ṣojú rẹ̀.

Ọlọ́dẹ ni mí, èmi ò kọ́ kíláàsì. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ó kàn yín gan-an. Ẹ̀yin lẹ ń rí ọmọ tí wọn kò wá mú títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí òun lọ sílé. Ìyá olóúnjẹ ló kọ́kọ́ ń mọ ọmọ tí ebi ti ń pa láti àná. Ẹ̀yin wọ̀nyí ni wọn kì í pè sí ìpàdé tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bi pé, “Ṣé ara yín dá?” Iléèwé tó bá ń ṣètò fún olùkọ́ nìkan ti gbàgbé ìdajì àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Àmì wo ni kí n máa wò?

Ìrántí tó ń já wọlé láìpè ni àkọ́kọ́: ẹ ń ro ẹ̀wà lórí iná, ojú ọmọ náà yọ. Ìkejì ni yíyẹra. Olùkọ́ á máa fo ìlà tí ọmọ yẹn jókòó sí tó bá ń béèrè ìbéèrè, tàbí kó máa sún máàkì àròkọ síwájú, torí inú àròkọ “Bí mo ṣe lo ìsinmi mi” ni àwọn ọmọ máa ń kọ ohun tí wọn kò lè fẹnu sọ sí. Ìkẹta ni ara tí kò balẹ̀: ìlẹ̀kùn gbá, àyà já, ẹ ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé yín, ohùn yín le sí ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan. Ìkẹrin ló máa ń fara pamọ́ jù, òun ni kí ojú tí ẹ fi ń wo ayé yí padà. Gbogbo àbúrò ìyá di afurasí lójú yín, ẹ kò sì jẹ́ kí ọmọ tiyín lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní ProQOL, tí Beth Hudnall Stamm ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè 30 ló ní nípa ọjọ́ 30 tó kọjá, a ó sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn láti 1 dé 5. Apá mẹ́ta tó ní ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá ni: adùn iṣẹ́, àárẹ̀ iṣẹ́, àti STS. Fún ti STS, ẹ ro ìdáhùn yín sí ìbéèrè 2, 5, 7, 9, 11, 13, 14, 23, 25 àti 28 pọ̀. Bó bá jẹ́ 22 tàbí kó dín, ó kéré. 23 sí 41 wà láàárín. Láti 42 sókè, ó ti ga. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ni apá àárẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ yí ìdáhùn ìbéèrè 1, 4, 15, 17 àti 29 padà (1 di 5, 2 di 4, 3 ò yí, 4 di 2, 5 di 1) kí ẹ tó ròó pọ̀. Ẹni tí kò bá yí i á rò pé iṣẹ́ ti pa òun tán, nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò ni kò tọ̀nà.

Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ń bá, tí kò mú ẹnì kejì mi tí a jọ wà ní iléèwé?

Nígbà púpọ̀, ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ọ ju tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, àńtí kan ni gbogbo ọmọ ń sáré bá, òun náà sì ni ọ̀gá ń darí wọn sí, torí “ó ní sùúrù”. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìtàn tó yẹ kó kárí èèyàn mẹ́wàá ti wà lórí ẹnì kan. Àwọn nǹkan mìíràn náà wà: kí irú ohun tó ṣe ọmọ náà ti ṣe yín rí; kí ẹ ní ọmọ tó bá a dọ́gba; kí ẹ jẹ́ àjòjì nílùú bíi ti àwọn kọ́pà, tí kò sí ará ilé tẹ́ ẹ lè bá sọ̀rọ̀ lálẹ́.

Ohun kan tún wà tí a kì í kà sí: àìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́ ní oṣù kìíní, títí sáà fi parí kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn tí kò mọ ìparí ìtàn á máa fi tirẹ̀ parí i, búburú ló sì máa ń fi parí i.

Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun burúkú fún mi lónìí. Kí ni kí n ṣe kó tó di ọ̀la?

Ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ dọ́gba, ní ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí wọn kò ní gbọ́ yín. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un pé, “Màá sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ nìkan.” Ẹ béèrè ìwọ̀nba: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ni, ìgbà wo, àti ṣé ewu wà nílé lónìí. Kí ẹ dúró níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ ń fa aburú méjì: ó ń mú kí ọmọ tún ìrora náà jẹ, ó sì ń kó àwòrán sínú ọkàn ara rẹ̀ tí kò ní mọ bí yóò ṣe kó o jáde.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi sọ ọ́ gan-an, déètì àti aago, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Kí ó dé ọwọ́ gáídánsì kánsẹ́lọ̀ tàbí ọ̀gá àgbà kí ẹ tó kúrò ní iléèwé. Àwọn ló máa kàn sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ọlọ́pàá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 wà fún èyí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfipábánilò, ọjọ́ kan náà ni kó dé ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò bí wákàtí 72 bá ti kọjá, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Oògùn tó ń dènà oyún gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé ọjọ́ márùn-ún. Kí ọmọ náà má tíì wẹ̀, kí aṣọ tó wọ̀ má tíì kan omi, kí wọ́n kó o sínú àpò bébà.

Ó wá kan ẹ̀yin. Ẹ má ṣe padà sí kíláàsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín di ìṣẹ́jú mẹ́wàá mú. Ẹ bọ́jú, ẹ mu omi, ẹ rìn dé gẹ́ètì kí ẹ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa èémí sínú bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 4, kí ẹ mí jáde bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 6, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mímí jáde tó gùn ju mímí sínú lọ ló ń jẹ́ kí ọkàn lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ń fa èémí sínú gan-an tí ẹ ń kánjú mí i jáde, òòyì ló máa kọ́ yín.

Ṣé mo lè sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi ní sítáfù rúùmù?

Ẹ sọ bó ṣe rí lára yín, ẹ má sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ kan wúwo lọ́kàn mi lónìí. Ṣé ẹ ní àyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àbí kó di ìrọ̀lẹ́?” Ìkìlọ̀ àti ìyọ̀ǹda ti wà nínú gbólóhùn yẹn: ẹni náà mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì lè ní kó di ìgbà mìíràn. Bó bá gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀rọ̀, kì í ṣe láti àárín rẹ̀. Orúkọ ọmọ kò pọn dandan. Ohun tí wọ́n fi lù ú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde, kò pọn dandan rárá. Ọ̀nà tí STS ń gbà tàn ká sítáfù rúùmù ni kí ẹnì kan wọlé, kó gbé ìwé sórí tábìlì, kó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn tó ń jẹun.

Ọmọ iléèwé wa kan kú. Ọ̀gá fẹ́ kó gbogbo wa jọ kí kálukú sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀. Ṣé ó dára?

Èrò rere ni, àmọ́ ẹ má ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fara mọ́ kíkó àwọn tí jìnnìjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n máa rò ó ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ìwádìí fi hàn pé kò dènà PTSD, ó sì lè dá kún un fún àwọn mìíràn. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí kò rí òkú á ti gbọ́ bó ṣe rí kí ìpàdé tó tú.

Ohun tí WHO ní kí a ṣe, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2011, kò ju mẹ́ta lọ: ẹ wò, ẹ gbọ́, ẹ so wọ́n mọ́ ìrànlọ́wọ́. Ní iléèwé, ó lè lọ báyìí. Kí ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ fún ìṣẹ́jú 15 kó tó di àsẹ́mbìlì, ọlọ́dẹ àti ìyá olóúnjẹ pẹ̀lú. Kó ka gbólóhùn méjì sí mẹ́ta tí àwọn òbí ọmọ náà ti fọwọ́ sí: ọmọ wo, ọjọ́ wo, ètò wo. Ohun tí gbogbo yín máa sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn, kó má di pé ìtàn mẹ́rin ń rìn káàkiri. Kí olùkọ́ mìíràn wà pẹ̀lú olùkọ́ kíláàsì ọmọ náà ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ náà nìkan lọ kí àwọn òbí nílé.

Rẹ́jísítà ńkọ́? Kí ẹlòmíràn fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ ọmọ náà ní ọ́fíìsì, kó tó dé ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti pe orúkọ òkú níwájú kíláàsì torí pé ẹnu ti mọ́ ọn lára. Àga rẹ̀ náà, ẹ má gbé e lọ́jọ́ kan náà, ẹ má sì fi í síbẹ̀ dé òpin sáà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tó ṣíwájú pé ẹ máa gbé e lọ́la. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀gá béèrè àlàáfíà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó tún béèrè lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀, torí ìgbà yẹn ni àwọn tó “ń ṣe dáadáa” máa ń wó.

Fọ́tò ìjàǹbá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Ẹ pa ìgbàsílẹ̀ aládàáṣe fọ́tò àti fídíò lórí fóònù yín. Kí alábòójútó ẹgbẹ́ pa fọ́tò náà rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ohun tí wíwò ó máa tún ṣe.

Mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú. Aago tí a jí ló ń tún aago tí a máa sùn ṣe. Kọfí, obì àti orógbó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán. Bí àlákálá kan náà bá ń padà wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ yí ìparí rẹ̀ sí èyí tó wù yín, kí ẹ máa fi ọkàn wo ẹ̀dà tuntun náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójúmọ́. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ ń lò ni. Ẹ má fi àlá tó burú jù bẹ̀rẹ̀.

Lexotan tàbí Valium tí kẹ́míìsì tà fún yín láìsí ìwé dókítà máa mú yín sùn lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oorun ò ní wá láìsí i mọ́. Páráàgà àti ògógóró a máa jẹ́ kí èèyàn tètè sùn, kó sì jí ní aago mẹ́ta òru.

Ṣé àdúrà kò tó?

Ẹni tí àdúrà ń tù lára, kó máa gbà á lọ. Ìjọ àti jímọ́ọ̀ tún ń fún èèyàn ní ará, oògùn ńlá sì ni. Ibi tí ó ti ń burú ni kí wọ́n fún ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan ní ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru ọlọ́jọ́ méje. Ara tí kò sùn tí kò jẹun kò lè gbé ìpayà. Ẹ sọ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín pé ẹ ń rí dókítà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bínú sí i.

Ọ̀gá àgbà ni mí. Kò sówó. Kí ni mo lè ṣe?

Púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ ètò lèyí jẹ́ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. A kò rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan pẹ̀lú ráìsì àti mínírà lè ṣe é.

Ẹ yan olùgbọ́ méjì fún sáà kan, obìnrin kan, ọkùnrin kan, kí ẹ pààrọ̀ wọn nígbà tí sáà bá yí. Ọmọ lè sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fọkàn tán, ẹ kò lè dá a dúró. Ohun tí ẹ lè pín ni iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀: lílọ sí ilé ìwòsàn, pípe òbí, kíkọ ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má mú ju ọ̀rọ̀ wíwúwo méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àkọsílẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ méjì péré. Kí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan: “Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó wà ní àlàáfíà.” Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, èyí ló rọrùn jù, òun náà sì ni àwọn ọ̀gá kì í ṣe.

Fún àwọn olùgbọ́, ẹ ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí ẹ bi wọ́n pé: Kí lẹ gbé sọ́kàn? Ṣé ẹ ń sùn? Kí ni kí n gbà lọ́wọ́ yín? Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ ṣe nǹkan sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní dáhùn méjì àkọ́kọ́ mọ́. Ẹ má kó àwọn ọmọ tó ní ìṣòro jọ fún kọ́pà torí pé ó jẹ́ ọ̀dọ́ tí àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún kan ni yóò lò, yóò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbà ìdánwò ni ètò yìí máa ń bàjẹ́: gbogbo ènìyàn ń sáré, ìṣẹ́jú 15 náà á ròkun. Ẹ fi í sínú táìmùtébù bíi píríọ́dù. Ó tún ń bàjẹ́ tí ọ̀gá bá fi ohun tó gbọ́ níbẹ̀ kọ kúèrì. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣẹlẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa sọ òtítọ́ mọ́.

Níbo ni mo lè lọ?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH wà. Bowen University Teaching Hospital náà wà, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Ní Ọ̀yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ sọ tààrà fún dókítà pé: “Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kò kúrò lọ́kàn mi, ó ti tó oṣù méjì, mi ò sùn.” Bí ẹ bá sọ pé “orí ń fọ́ mi” nìkan, oògùn ibà ni wọ́n máa fún yín. Ìtọ́jú tó dára jù ni ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀, bíi CBT (ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe) tó dojú kọ jìnnìjìnnì, tí wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá.

Ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé ó sàn kí òun kú. Ṣé kí n dákẹ́?

Rárá. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀; bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn eku kúrò nítòsí, ẹ pe ará ilé rẹ̀ kan, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn lónìí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ṣé wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n bá gbọ́ pé mo lọ rí dókítà ọpọlọ?

Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ ti Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, òfin náà sì lòdì sí fífi ìyà jẹ ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ nítorí àìsàn náà. Ìwé ìsinmi tí dókítà kọ kò ní láti sọ ohun tó ń ṣe yín fún gbogbo ọ́fíìsì. Bí ẹnikẹ́ni bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ fi tó NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, létí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé.

Ṣé a lè fún gbogbo olùkọ́ ní ProQOL, kí a lè mọ àwọn tó yẹ kí a gbé kúrò ní ipò?

Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí a fi ń mọ àìsàn, kì í sì í ṣe ìdánwò iṣẹ́. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé ọ̀gá máa rí i á kọ 1 sí ibi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí kálukú ṣe é fúnra rẹ̀, kó mú ìwé rẹ̀ lọ sílé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iléèwé ṣe rí, kí wọ́n sọ ìwé tí kò ní orúkọ sínú àpótí, kí ẹ sì ka iye àwọn tó wà ní 42 sókè ní apá STS. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó mẹ́wàá, ẹ má tilẹ̀ ṣe ti àpótí yẹn, torí gbogbo yín mọ ìkọ̀wé ara yín.